Ẹyẹ Kíkà Gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Àjọṣe Ará Ìlú: Ìtàn Rẹ̀ àti Ipa Olùkọ́ Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìdí tí àwọn àgbà fi sọ bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ohun tí a bá kà, ojú ti tó o. Ohun tí ojú bá sì tó, ẹnu tàbí ọwọ́ lè ṣe é ní jàm̀bá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹyẹ inú igbó àti ẹyẹ ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò kà ni ó ń dín kù láìsí ẹni tí yóò fura. Ọjọ́ tí a bá tó bèèrè rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò kù sí wa lẹ́nu, àwọn ọmọ wa yóò sì máa kọ orúkọ náà sínú ìwé ìdánwò bí ẹni ń kọ orúkọ òkú.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé ìtàn ẹyẹ kíkà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ará ìlú ń ṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni a ó máa pè ní sáyẹ́ǹsì ará ìlú. Ohun tí a ní lọ́kàn ni ìwádìí tí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa iṣẹ́ òòjọ́ ń kópa nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kó ẹ̀rí jọ lábẹ́ ìlànà kan náà, tí a sì ń pa gbogbo ẹ̀rí náà pọ̀ sí ojú kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó gbà wò ó. Èkíní ni ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa ẹyẹ àti bí wọ́n ṣe tọ́jú ìmọ̀ náà. Èkejì ni bí ẹyẹ kíkà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní òkè òkun tí ó sì dé Nàìjíríà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí iṣẹ́ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àti olùdánwò èdè Yorùbá.

Ìmọ̀ Ẹyẹ Láàrin Yorùbá

Kò yẹ kí á rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní wíwo ẹyẹ. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ igbe elúlùú tí ó sì wí pé òjò ń bọ̀ ti fi igbe ẹyẹ wé ìṣesí ojú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ó mọ ibi tí àparò ń sùn, tí ó sì mọ̀ pé inú koríko ilẹ̀ ni ẹyẹ náà ń yé sí, kò kà á nínú ìwé. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé lékeléke kì í bá wa gbé láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ lẹ́yìn màlúù ní ilẹ̀ wa. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a gbéra lọ sí ìhà àríwá láti lọ yé ẹyin. Ohun tí àwọn àgbà ti rí yìí ni Elgood, Fry àti Dowsett kọ lé lórí ní ọdún 1973 nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹyẹ tí ń ti apá kan Áfíríkà ṣí lọ sí apá kejì.

Ibi tí àwọn baba wa kó ìmọ̀ yìí pamọ́ sí pọ̀. Ó wà nínú òwe, nínú àlọ́, nínú ẹsẹ Ifá, àti pàápàá nínú ìjálá. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ tí Babalọlá ṣe lórí ìjálá (1966) yóò rí i pé kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan ni àwọn ọdẹ ń lépa nígbà tí wọ́n bá ń ki ẹranko àti ẹyẹ. Àwọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ohùn rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ ni wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí a bá yọ orin kúrò nínú rẹ̀, ohun tí yóò kù jọ àkọsílẹ̀ onímọ̀ ẹyẹ púpọ̀.

Nígbà tí ìwé kíkọ dé, àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwé atúmọ̀-èdè wa náà kó orúkọ ẹyẹ sínú rẹ̀. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú àfikún ní 1852. Nígbà tí ó fi di ọdún 1958, R. C. Abraham tẹ ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde, ó sì sa ipá láti so orúkọ ọ̀pọ̀ igi, ẹranko àti ẹyẹ mọ́ orúkọ Látìnì wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù. Ìmọ̀ tí ó wà nínú òwe àti ìjálá sọ irú ẹyẹ tí ó wà àti ìwà rẹ̀ fún wa. Kò sọ iye ibi tí a ti ń rí i fún wa, kò sì sọ bóyá ó pọ̀ sí i tàbí ó dín kù láàrin ìgbà kan àti òmíràn. Èyí ni ẹyẹ kíkà wá ṣe.

Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Òkun

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà kan wà tí àwọn ọdẹ máa ń dá nígbà Kérésìmesì. Wọn a pín ara wọn sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ tí ó bá sì pa ẹyẹ àti ẹranko jù ni ó borí. Onímọ̀ ẹyẹ kan tí ń jẹ́ Frank Chapman rí i pé ìparun ni èyí. Dípò kí ó kàn máa bá àwọn ènìyàn wí, ó fi eré mìíràn rọ́pò eré náà: kí wọ́n jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì bí wọ́n ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ka ẹyẹ dípò kí wọ́n máa pa á. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1900, ènìyàn 27 ni ó jáde ní ibi 25 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láti ọdún náà títí di òní ni kíkà yìí ti ń lọ, àwọn tí ń kópa nínú rẹ̀ sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ, tí a mọ̀ sí RSPB, dá ìwo-ẹyẹ inú ọgbà sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí èyí: àwọn ọmọdé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Wákàtí kan péré ni ọmọ náà yóò fi jókòó, yóò sì kọ ẹyẹ tí ó bà sílẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn. Àgbà tẹ̀lé ọmọdé, iṣẹ́ ọmọdé sì di ọ̀kan nínú ẹ̀rí tí ó gùn jù lọ nípa ẹyẹ inú ìlú ní ilẹ̀ náà. Nínú ẹ̀rí yìí ni wọ́n ti rí i pé ológoṣẹ́ tí wọ́n rò pé kò lè tán ti dín kù gidigidi.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí fà yọ. Àkọ́kọ́ ni pé àṣà tí ó ti wà nílẹ̀ ni Chapman gbé iṣẹ́ náà kà. Ìkejì ni pé kíkà ọdún kan kò jẹ́ nǹkan. Àtúnkà ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹ̀rí.

Ẹyẹ Kíkà ní Nàìjíríà

Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. J. H. Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì Ìbàdàn, ni ó kọ nípa ẹyẹ kékeré kan ní ọdún 1958, ẹyẹ dúdú tí ó ní pupa lórí àti láyà, tí ó bá ẹ̀gà tan. Wọ́n sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis, èyí tí ó fi orúkọ Ìbàdàn sínú ìwé ìmọ̀ ẹyẹ gbogbo ayé. Ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ ẹyẹ yìí. Ọmọ ilé wa ni, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ní ọdún 1964 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn tiwọn jáde. Àwọn tí ń kọ̀wé sí i kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Olùkọ́, dókítà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò wà lára wọn, tí wọ́n ń wo ẹyẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ náà ti gbòòrò dé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìwé ìròyìn náà di Malimbus ní ọdún 1979. Lórí irú ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ báyìí ni Elgood gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ Nàìjíríà kà, èyí tí ó jáde ní 1982, tí a sì tún tẹ̀ ní 1994.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àlèébù kan wà nínú rẹ̀ tí a kò lè fi pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ẹ̀rí náà jẹ́ àlejò tí iṣẹ́ gbé wá. Ibi tí iṣẹ́ wọn bá wà ni ẹ̀rí máa ń pọ̀ sí. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a padà sílé, ẹ̀rí a sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké tí kò sí yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba ńlá níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìtàn náà.

Iṣẹ́ Àwòrán-Ilẹ̀ Ẹyẹ

Ohun tí ó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni iṣẹ́ tí a ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2015 lábẹ́ àbójútó ilé ìwádìí A. P. Leventis tí ó wà ní Jos. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, láti 1987 sí 1991, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì ní 2007. Ìlànà ìpele kejì yìí ni Nàìjíríà gbà lò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é. A pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi kìlómítà 9. Ẹni tí ó bá fẹ́ kópa yóò yan igun kan, yóò sì lo wákàtí méjì ó kéré tán láti rìn yí oríṣiríṣi ibi tí ó wà nínú rẹ̀ ká: oko, igbó, etí odò àti àárín ìlú. Gbogbo irú ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ni yóò kọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ara wọn. Ó lè máa fi kún un títí di ọjọ́ márùn-ún. Lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ ọ́ nísinsìnyí, nípa lílo BirdLasser, ibẹ̀ ni a sì ti ń fi ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn awoyẹ ti dìde ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, irú bí èyí tí ó wà ní Ìbàdàn.

Ẹ ó kíyè sí i pé a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ka iye lékeléke tí ó wà lẹ́yìn màlúù. Irú ẹyẹ ni a ń kọ. Báwo ni a ṣe wá ń mọ èyí tí ó pọ̀ àti èyí tí ó ṣọ̀wọ́n? Bí a bá ní àkọsílẹ̀ 20 láti inú igun kan, tí elúlùú sì wà nínú 15, a ó sọ pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Bí ó bá di ọdún mẹ́wàá òní tí ó wà nínú 5 péré nínú 20, kò sí ẹni tí yóò tún máa jiyàn pé nǹkan kò ṣe elúlùú. Nítorí náà, ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ṣe pàtàkì bí ohun tí ó wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ odídẹrẹ́ lè là wá lójú. Ní ilẹ̀ Gánà, àwọn kan ti ka odídẹrẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń sùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tí Annorbah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ ka ẹyẹ náà ní bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ibùsùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní odídẹrẹ́ 700 sí 1,200 rí, ẹyẹ 18 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tẹ ìwádìí yìí jáde, ọdún náà gan-an sì ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní Johannesburg láti ka òwò odídẹrẹ́ inú igbó léèwọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó kà á ní àkọ́kọ́, kò sí bí ẹni tí ó kà á kẹ́yìn ṣe lè mọ ohun tí ó nù.

Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ẹlòmíràn lè wí pé olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ni kí ó wá gbọ́ èyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo Òkè-Ọ̀pin àti àyíká rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ bí Òsì, àti Ìlọ́fà ní ìhà Òkè-Ẹ̀rọ́. Ibi tí igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn ni ilẹ̀ yìí. Ẹyẹ igbó àti ẹyẹ ọ̀dàn sì lè pàdé níbẹ̀.

Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n mọ̀ ní èdè Yorùbá. Wọ́n kọ ọ̀kín, odídẹrẹ́, agbe, àlùkò àti ògòǹgò. Lọ́jọ́ kejì, a jáde ní kùtùkùtù lọ sí ọ̀nà oko. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ lánàá, a kò rí ẹyọ kan. Àwọn tí a sì rí, "ẹyẹ kékeré" àti "ẹyẹ dúdú" ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ yìí mọ orúkọ láìmọ ẹyẹ, wọ́n sì rí ẹyẹ láìmọ orúkọ. Nínú ìdánwò, wọn ìbá gba máàkì wọn pé.

Bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ ọdẹ bá wa pàdé lọ́nà. Bí ó ti ń gbọ́ ohùn ni ó ń dárúkọ, kí ojú wa tó rí ohun tí ń ké. Nígbà tí ó parí, ó wo ìwé ọwọ́ wa, ó ní, "Ẹ ò kọ igún sí i?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn pé, "Bàbá, a ò rí igún." Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí i. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, a kì í wá igún kiri." Ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí a ti ṣàlàyé lókè nípa àkọsílẹ̀. Ní ọdún 2015 ni àjọ IUCN gbé igún tí a mọ̀ ní ìlú wa, Necrosyrtes monachus, sí ìpele àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Májèlé wà lára ohun tí ó fà á. Pípa á fún oògùn náà sì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ orúkọ ni ó kan àwa olùkọ́ èdè gan-an. Irú ẹyẹ tí ó wà ní Nàìjíríà lé ní 900, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì sì ni a fi ń kọ wọ́n sínú àkọsílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí Yorùbá wọ ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ yanjú ìṣòro méjì. Èkíní ni àṣìtúmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó túmọ̀ àlùkò sí woodcock. Ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ni woodcock, kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa, kò sì ní àwọ̀ osùn lára. Musophaga violacea, tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n dòdò, ni ó bá ohun tí ìwúre wa ń sọ mu. Ẹbí agbe ni, ó sì ń gbé ilẹ̀ wa. Ìṣòro kejì ni orúkọ kan tí ó bo ẹyẹ púpọ̀ mọ́lẹ̀. Alápàndẹ̀dẹ̀ kan wà tí ń mọ ilé sí ara ògiri wa. Òmíràn wà tí ó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá lo ìgbà òtútù ọ̀hún níhìn-ín. Ní òkè Bojé ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan irú wọn tí wọ́n máa ń sùn pọ̀. Orúkọ kan náà ni a ń pe àwọn méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ka-èdè kan ti ya wọ́n sọ́tọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tí yóò bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ó tó pẹ́ jù ni olùkọ́ èdè.

Àwọn Àtakò

Àtakò kan wà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá kọ ibi tí odídẹrẹ́ wà síta, ǹjẹ́ a kò ti fi ọ̀nà han àwọn tí ń dẹ pańpẹ́? Òtítọ́ ni, ohun tí òwe ìbẹ̀rẹ̀ wa ń bẹ̀rù náà nìyí. Nítorí èyí ni àwọn tí ń bójú tó eBird, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kì í fi ojú ibi tí a ti rí àwọn ẹyẹ kan tí ó wà nínú ewu han gbogbo ayé. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má fi ìtẹ́ han ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn yóò wí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣi ẹyẹ kan mú fún òmíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ohun tí ó bá ṣàjèjì nínú àkọsílẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Ohun tí a kò bá dá mọ̀, kí á kọ ọ́ pé a kò dá a mọ̀. Ní ti owó, ìwé, pẹ́ńsù àti àgbà kan tí ó mọ ẹyẹ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìmọ̀ ẹyẹ kì í ṣe àlejò láàrin Yorùbá, pé iye rẹ̀ àti àtúnkà rẹ̀ ni a kò ní, àti pé láti 1900 ni àwọn ará ìlú ní ibòmíràn ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. A ti rí i pẹ̀lú pé ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún wa ní Nàìjíríà láti nǹkan bí 2015.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò àti lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀nà kan náà. Kí a kọ orúkọ tí ìlú náà ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìnì rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa máa gba àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ. Kí àwọn olùdánwò sì dẹ́kun bíbéèrè pé kí ọmọ dárúkọ ẹyẹ márùn-ún lásán. Kí wọ́n bèèrè ohun tí ọmọ náà rí, ibi tí ó ti rí i, àti ohun tí wọ́n ń pè é ní ìlú rẹ̀. Ní ọ̀nà oko yẹn, ìlà kan wà nínú ìwé wa tí a kọ igún sí, tí a kò sì fi àmì kankan sí iwájú rẹ̀. A ó tún padà lọ wò ó.